Ìdí-Àpẹ́, Lẹ́yìn Ìrun Alaásárì

Bàbá ní kí n ka gogoro mọ́ṣáláṣí fún òun,
ojú rẹ̀ ti ṣú.
Mo ní: mẹ́rin ni, funfun, wọ́n ga ju ẹyẹ lọ.
Ó mi orí. "Èyí tí mo mọ̀, amọ̀ ni.
Èmi ń pọnmi, Súbérù ń pò ó,
ẹsẹ̀ wa ló tẹ ògiri yẹn dìde."

Dógarì ààfin kí i, kò mọ̀ ọ́n.

Ní ìdí òkúta ìlọ-irin
ó tọrọ ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Kò sí.
Ó wá fi èékánná
lọ ara ògiri àtijọ́ kan, díẹ̀díẹ̀,
erùpẹ̀ pupa bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Àwa náà rèé," ó ní.
"Ká máa lọ. Òjò ń bọ̀ láti Sóbì."