Ọ̀sẹ̀ Kẹsàn-án

Aago mọ́kànlá alẹ́ nílùú Tartu.
Yìnyín ti bo odò Emajõgi bí ọmọrí ìkòkò.
Mo jókòó ti ìwé kan tó ní ìlà mẹ́rìndínlógún:
ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo,
dátábéèsì fún àwọn tó rò pé àwọn ti mọ dátábéèsì.

Ọ̀sẹ̀ kìíní rọrùn. Mo kọ ọ́, mi ò wẹ̀yìn.
Ọ̀sẹ̀ kejì, igi:
igi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè, tí ewé rẹ̀ ń wolẹ̀,
tí èèyàn fi ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré
rí orúkọ kan láàárín ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù.
Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi igi náà rẹ́rìn-ín.
Lọ́dọọdún ni ẹnì kan, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, kì í rẹ́rìn-ín.
Ẹni náà ni mo ń kọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, àgádágodo.
Taavet di ilẹ̀kùn mú, ó ń retí kọ́kọ́rọ́ Leelo;
Leelo di kọ́kọ́rọ́ mú, ó ń retí ilẹ̀kùn Taavet.
Ọmọlúàbí làwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó fẹ́ jà,
bẹ́ẹ̀ ni wọn ó ṣe dúró dayérayé
àfi bí a bá já ẹnì kan kulẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.
Ibẹ̀ ni mo dé lánàá tí Heldur fi kanlẹ̀kùn,
tòun ti kọfí méjì àti àmọ̀ràn mẹ́sàn-án.
"Urve, yọ ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án kúrò.
Ta ló ṣì ń kọ́ni bí ẹ̀rọ ṣe ń jí lẹ́yìn ìjàǹbá?
Fi ohun tuntun síbẹ̀, ohun tílé-iṣẹ́ ń béèrè."

Mi ò dá a lóhùn. Mo mu kọfí rẹ̀.
Mo rántí Pärnu, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún:
ilé ìwòsàn, òru, ìjì láti òkun, iná lọ.
Àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ igba èèyàn wà nínú ẹ̀rọ,
ẹ̀rọ sì kú láàárín gbólóhùn.
Nígbà tíná dé, ohun tó kù níbẹ̀
dà bí àlá tí a rọ́ dé ìdajì.
Ṣùgbọ́n ẹnì kan, tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní,
ti kọ́ ẹ̀rọ náà níwà kan:
kọ ohun tí o fẹ́ ṣe sílẹ̀ kí o tó ṣe é.
A kà á ní ìlà dé ìlà.
Èyí tó ti parí, a tún un ṣe; èyí tí ò parí, a tú u ká.
Kílẹ̀ tó mọ́, ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti rí ẹni tó ni ín.

Nítorí náà, Heldur, mo ti yọ ọ̀sẹ̀ kejìlá.
Mo ti gé kẹtàlá sí méjì, ó sì dùn mí.
Kẹsàn-án ò lọ síbì kankan.
Gbólóhùn kan ni mo kọ síwájú rẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́:
Ẹ mú aṣọ òtútù wá.

Wọn ò ní mọ̀ pé nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́wàá lù,
tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ, tọ́kàn wọn balẹ̀,
n ó rìn lọ sẹ́yìn kíláàsì
bí ẹni tó fẹ́ ṣí fèrèsé,
n ó sì pa iná gbogbo yàrá náà,
tòun ti ẹ̀rọ amúlégbóná.