Ebè Ìmọ́lẹ̀

Aago méjì òru ti kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́; bátìrì ọkọ̀ ló ń gbé wa ró,
èmi àti àpótí dúdú tí mo fi pákó kàn,
tí mo fi bíléèdì la ihò tóóró méjì sí nínú,
ihò méjì tó sún mọ́ra ju eyín òòyà lọ.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèdèmí ti lọ sùn.
Èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kí n máa nu tábìlì
ni mo jókòó ti ẹ̀rọ, tí mò ń ka ìmọ́lẹ̀
ní hóró kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

A ti dín ìmọ́lẹ̀ náà kù tó bẹ́ẹ̀
tí hóró kan ṣoṣo ń dá rìn nínú òkùnkùn,
tí èkejì ò ní tíì gbéra nílé kí ti iwájú tó dé.
Ó dé: tó! lára ògiri.
Òmíràn: tó! ó jìnnà síbẹ̀.
Tó. Mo bu omi mu. Tó.
Kò jọ nǹkan kan. Ó dà bí òjò àkọ́rọ̀
tó ń ta sórí páànù bó ṣe wù ú.
Ṣùgbọ́n nígbà tó di ẹgbàárùn-ún,
mo rí oko lára ògiri:
ebè, poro, ebè, poro,
ìmọ́lẹ̀ lórí ebè, òkùnkùn nínú poro,
ó gún bí èyí tí bàbá mi kọ lọ́nà Ìkòyí-Ilé
kí ẹsẹ̀ wọn tó kọṣẹ́.

Ta ló kọ ebè náà?
Hóró kan kì í kọ ebè.
Ìgbì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbì méjì tó pàdé lójú omi,
tí wọ́n gbé ara wọn ga níhìn-ín,
tí wọ́n pa ara wọn rẹ́ lọ́hùn-ún.
Hóró tó dá rìn, ta ló wá bá pàdé?
Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà.
Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ti rí ẹnì kan ṣoṣo
tó gba méjèèjì dọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà?

Mo ní màá ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà.
Mo gé awò òòrùn kan tí mo rà ní Tákié,
mo lẹ ẹ̀là kan mọ́ ihò ọ̀tún ní ìbú,
mo lẹ èkejì mọ́ ihò òsì ní òòró,
kí èyí tó bá kọjá lè gbé àmì ọ̀nà rẹ̀ dání
bí ẹsẹ̀ ọmọdé ṣe ń gbé amọ̀ odò wálé.
Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.
Ebè ti wó. Poro ti dí.
Ìmọ́lẹ̀ kan ló tẹ́ pẹrẹsẹ
bí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dá rí.

N ò wo àmì náà o. Ẹ gbọ́ mi dáadáa.
N ò tilẹ̀ ní ohun tí mo lè fi wò ó.
Pé àmì wà, pé ẹnìkan lè bèèrè,
ìyẹn nìkan ti tó.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo gba Arówómọlẹ̀ lọ sílé.
Ìyá mi a máa kọrin bí wọ́n bá ń bó máńgòrò láàárọ̀,
orin kan tí n ò tíì gbọ́ parí,
torí gbàrà tí bàtà mi bá ti dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
orin á di, "Ṣé o ti dé?"
Bí mo bá ní kí wọ́n parí ẹ̀,
wọn á ní, "Orin wo?"
Odindi obìnrin tó ti wà níbi gbogbo nínú ilé,
lára ìkòkò, lára àjà, láyé ìgbà tí bàbá mi wà,
á di ẹyọ kan, lórí àpótí, pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Lónìí mo bọ́ bàtà lẹ́nu géètì.
Mo fẹ́ yọ́ wọlé. Mo rántí awò òòrùn.
Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níta,
mo kẹ̀yìn sí fèrèsé
títí ọ̀kadà mẹ́ta fi pariwo kọjá.
Nígbà tí mo wọlé, máńgòrò ti kún àwo,
èèpo ọ̀kan gùn gbọọrọ, kò já rárá,
láti orí dé ìdí.
N ò bèèrè ibi tí orin náà gbà.