Ihò Kẹrin

Ihò mẹ́ta ni mo gbẹ́ lọ́dún náà.
Ti Takété jìn tó ọgọ́rin mítà,
eruku funfun ló ń tú jáde bí ẹlùbọ́,
àwọn ọmọdé gbé garawa dúró títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ti Àmúró, ẹnu ẹ̀rọ kán sínú àpáta;
ó wà níbẹ̀ dòní.
Ti ẹ̀kẹta, n kò fẹ́ sọ ọ́.
Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni.

Mo ta ẹ̀rọ, mo ta alùpùpù,
mo ta oko kaṣú tí bàbá mi gbìn lọ́dún tí wọ́n bí mi,
gbèsè ṣì lẹ̀ bí ọbẹ̀ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò.
Bí mo bá rí Alàgbà Mẹdaiyésẹ́ lókèèrè,
ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀yìn òpó ni mò ń jókòó,
n kò kọrin, mò ń ka ìlà ara páànù.
Mo ní, Olúwa, ìwọ lo dá omi, ìwọ lo dá òkúta,
kí ló dé tó jẹ́ òkúta nìkan lo fi hàn mí?
Kò dáhùn.
Páànù ń ta kó-kó nínú oòrùn Mọ̀pà.

Ìyá Ọlọ́batókẹ́ ló kan ilẹ̀kùn, ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀.
Kò bá ti gbèsè wá.
Ó ní pọ́ǹpù ẹ̀yìn ilé ìwòsàn àtijọ́
ti dákẹ́ láti ọdún mẹ́fà,
ìwọ lo sì gbọ́ èdè irin.
Mo ní, Màmá, ọwọ́ òfo ni mo ní.
Ó ní, mo mọ̀.
Ṣé ọwọ́ òfo kì í di sípánà mú ni?

Páìpù mọ́kànlá ni mo fà jáde.
Ìdọ̀tí kọ́, ilẹ̀ kọ́:
awọ kékeré kan ló jẹ tán nísàlẹ̀,
kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ.
Mo gé bàtà mi, èyí tí mo wọ̀ lọ gba iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja,
mo rẹ ẹ́ sínú epo, mo fi dí i.
Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ kígbe. Omi pupa tẹ̀ lé e.
Lẹ́yìn náà, omi.

Ẹlòmíràn ló gbẹ́ ẹ kí n tó dáyé.
Omi ò lọ síbì kankan.
Jésù, ìwọ tí irin iṣẹ́ ti lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ rí,
èmi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o sọ mí di ẹni tó ń wá omi,
ìwọ ń wá ẹni tí yóò tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

Alàgbà dé pẹ̀lú garawa aláwọ̀ ewé.
Mo wo ilẹ̀.
Ó pọn omi tirẹ̀ kún, ó gbé e lé orí,
ó ní, "Okun o."
Okun, bí a ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́.
Ó tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti kí mi bẹ́ẹ̀.

Gbèsè ṣì wà. Mò ń san án díẹ̀díẹ̀.
Epo ẹ̀rọ ti kan ìwé orin mi níbi mélòó kan.
Mo ti di sípánà sínú àpò, mo gé bàtà kejì.
Lọ́la, Àmúró.