Aṣọ́lé

Èmi ni mo ń kọ orúkọ.
Ìwé onílà ọgọ́ta ewé, bírò tí mo fi òwú so mọ́ ọn,
àga onírọ́bà kan lábẹ́ igi máńgòrò
létí pápá Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́,
níbi tí koríko ti kọ̀ láti hù láàárín,
tí erùpẹ̀ pupa ń bá wa relé.

Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù,
mo kọ orúkọ, mo kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀,
mo sì ń béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán mi:
"Kí lo jẹ lónìí?"
Àwọn kan á ní ìrẹsì. Àwọn kan á wolẹ̀.
Ẹni tó bá wolẹ̀, mo fàmì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.
Kóòṣì Akínmúrelé á rí i, kò ní sọ̀rọ̀,
á ní, "Wá bá mi gbé garawa,"
gààrí àti ẹ̀pà á ti wà nídìí garawa.

Ọmọ mẹ́rìndínlógójì.
Bàtà mọ́kànlá la ní; ọ̀kan nínú wọn ti ṣe opó.
Ẹni tó ń fi òsì gbá a gba bàtà òsì,
ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá a gba ọ̀tún,
ẹsẹ̀ kejì ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí alárinà.

Àdúràgbèmí dé lọ́jọ́ Ajé kan, ọmọ ọdún méjìlá,
àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí ẹ̀yìn ìjàpá.
Òun àti ìyá rẹ̀ ń fọ́ òkúta lọ́nà Ìjù;
yàrá tí wọ́n ń sùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni onílé ti fi àgádágodo tì í.
Kóòṣì di ọwọ́ náà mú, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.
Ó ní, "Ìwọ ni aṣọ́lé."
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi:
ọmọ tí kò nílé la ní kó máa ṣọ́lé,
òkúta méjì sì ni òpó ilé ọ̀hún.

Ó ṣọ́ ọ.
Ó ń gba bọ́ọ̀lù mọ́yà
bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ odò Àlà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, iwájú orúkọ rẹ̀ ṣófo.
Ọjọ́ Ajé, òfo. Ìṣẹ́gun, òfo.
Lọ́jọ́rú, a lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí òkìtì òkúta.
Kò dìde. Hámà rẹ̀ kò dúró.
"Ẹ̀yin ẹlẹ́bọ́ọ̀lù, ẹ káàbọ̀.
Típà ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, n ò tíì fọ́ ààbọ̀.
Ṣé bọ́ọ̀lù ni n ó sè?"
Kóòṣì ò fèsì.
Èsì wo ló wà fún òótọ́?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pápá dá páropáro.
Kóòṣì gbé hámà, bàbá Fàdákẹ́mi tó ń lẹ táyà gbé hámà,
èmi náà gbé e, tèmi ti orúnkún tó ń dùn mí.
Àwọn ọmọ ń fi abọ́ kékeré kó o.
Típà kún kí oòrùn tó kúrò lókè orí.
Ìyá Àdúràgbèmí ka owó lẹ́ẹ̀mejì,
ó ká ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà sí mi lọ́wọ́:
"Ẹ fi wá ọkọ fún bàtà opó yẹn."
Owó náà kò tó. A gbà á.

N ò ní parọ́ fún yín.
Góòlù mẹ́rin ni àwọn ọmọ Òkè-Àró jẹ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá,
òun náà ló wà lẹ́nu ilé.
Onílé ṣì ń kan ilẹ̀kùn. Òkúta ò tán lọ́nà Ìjù.

Ṣùgbọ́n lánàá, mo bi í bí ìṣe mi, "Kí lo jẹ?"
Ó ní, "Ẹ̀kọ. Ẹ̀yin ńkọ́, màmá, kí lẹ jẹ?"
Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ ìwé yìí,
ẹnìkan ò bi mí rí.

Mo wolẹ̀.

Ó dúró díẹ̀. Ó ní,
"Ẹ wá bá mi gbé garawa."