Táńkì Kẹrin

Ìbídùnní, ọmọ mi, ló gbé e ti Bẹ́ljíọ̀mù bọ̀.
Ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló fi wé e nínú àpótí
bí ẹni wé ọmọ tuntun.
Ìgò kan ṣoṣo. Ọrùn gígùn, ìdérí igi,
wáyà tí wọ́n fi dè é pa bí ẹni pé yóò sá lọ.
Ó ní, "Bàbá, ẹ tọ́ ọ wò. Iṣẹ́ yín ṣáà ni."

Iṣẹ́ mi ni.
Ọdún mẹ́tàlélógún ní ilé-iṣẹ́ ọtí ọ̀nà Olúyọ̀lé,
èmi ni ahọ́n wọn.
Aago méje àárọ̀, kí n tó fẹnu kan búrẹ́dì,
táńkì kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin:
mo mu díẹ̀, mo yí i ká ẹnu, mo tu ú, mo kọ̀wé.
Bó bá ti kan, ó parí.
A kì í bá ọtí kíkan dúnàá-dúrà,
kòtò ló ń lọ.

Iná ti lọ láti ọ̀sán ní Òke-Bọ́là.
Inú àmù la ti mú ìgò náà tutù.
Mo tú wáyà, igi ta pọ́ọ́,
ajá ilé kejì gbó lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Pupa. Kì í ṣe pupa ẹ̀jẹ̀,
pupa omi ìṣápá tí a sè tí a gbàgbé sórí ààrò.
Ìfóòfó rẹ̀ pàápàá pọ́n díẹ̀,
bí èékánná ọmọ ọwọ́.
Òórùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé:
àjà tí òjò ń jò sí,
gàárì tí òógùn ẹṣin gbẹ mọ́ lára,
kóró èso tí ọmọdé fi eyín fọ́.

Mo gbé e mu.

Ó kan!
Ó kan bí àgbálùmọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn,
èyí tí ọmọdé ń jẹ tó ń dijú kan
tó sì ń nawọ́ gba òmíràn.
Ó kan bí omi orí ògì tó di ọjọ́ kẹrin.
Lẹ́yìn èyí, adùn kékeré kan yọjú
bí àlejò tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé,
kò jókòó, ó ti lọ.

Ìbídùnní ní wọn kì í fi ìwúkàrà sí i.
Wọ́n á ṣí fèrèsé àjà sílẹ̀ lóru òtútù,
ohun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ ni yóò wọ̀ ọ́.
Wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá igi,
wọ́n á kó èso ṣẹ́rì sí i tòun ti kóró,
wọ́n á sì dúró. Ọdún kan. Ọdún méjì.
Aláǹtakùn ló ń bá wọn ṣọ́ àgbá,
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbá òwú rẹ̀ nù.

Mo ní, "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó kan ni?"
Ó ní, "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni, Bàbá."

Láyíwọlá ló ń ṣọ́ táńkì kẹrin.
Ọdún tí ọyẹ́ mú jù, ó gbàgbé ìdérí kan ní ṣíṣí mọ́jú.
Ẹgbàá gálọ́ọ̀nù.
Mo kọ ọ̀rọ̀ méjì sínú ìwé: Ó kan.
Wọ́n da ọtí nù, wọ́n da Láyíwọlá mọ́ ọn.
Ó dúró dè mí lẹ́nu géètì, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́:
"Ọ̀gá, ẹ tún tọ́ ọ wò. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀."
Mo ní ahọ́n mi kì í tọ́ nǹkan wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ó kan lálẹ́ òní náà.
Ó sì kàn mí.

Mo fẹ́ fi igi dí ẹnu ìgò padà, igi ti wú, kò wọlé mọ́.
Mo fi ọ̀rá dè é, mo fi rọ́bà lé e.
Wọ́n ní Odò-Ọ̀nà ló ń gbé báyìí,
lẹ́yìn ilé-epo, ó ń tún rédíò ṣe.
Tí n bá fi máa débẹ̀ lọ́la, híhó rẹ̀ lè ti tán.
Ó lè má ṣílẹ̀kùn.

Ìbídùnní ń kó ife lọ fọ̀.
Ó ku ẹ̀kán pupa kan nídìí tèmi.
Mo ní kó fi í sílẹ̀.
Mo tún tọ́ ọ wò.