Àpò Tó Lé

Mirta, súnmọ́ ibí. Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn ná,
ọwọ́ lásán ni a fi ń mọ àpò tí omi ti ń yọ́ wọ̀.
Tẹ̀ ẹ́ níkùn. Bó bá dákẹ́, ọ̀rinrin ti dé ibẹ̀;
bó bá dún ṣàkàṣàkà bí òkúta wẹ́wẹ́ létí òkun,
kọfí inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, jẹ́ kó sùn.

Má to ohunkóhun kan ògiri ìhà òkè.
Ní Trieste níbí, ẹ̀fúùfù Bora kì í kan ilẹ̀kùn,
ihò tí abẹ́rẹ́ ò gbà ni ó ń gbà wọlé.
Fi àyè tí ara rẹ lè gbà sílẹ̀ láàárín àpò àti ògiri:
ìwọ ni wàá máa gbà á lọ́sàn-án, ológbò á gbà á lóru,
àti afẹ́fẹ́, tí kì í gbowó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde.
Awakọ̀ fọ́kúlífìtì á ní èyí tó wà níwájú ló yá;
sọ fún un pé èyí tó wà lẹ́yìn ń darúgbó,
kò sì sí ẹni tí í sanwó fún arúgbó kọfí.

Ọdún kejì tí mo débí, nínú oṣù Èrèlé,
Egidio Škerk ni ọ̀gá, ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò létí rẹ̀.
Ìwé ní òjìlélúgba àpò ló wà ní ọ̀wọ́ kẹrin.
Mo kà á. Òjìlélúgba, ó lé ẹyọ kan.
Wọ́n ní bí a ka owó lẹ́ẹ̀mẹwàá, iye kan náà ni yóò jẹ́;
mo tún àpò kà títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì,
ẹyọ kan ṣì lé.
Mo sáré lọ bá a, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu mi:
"Ọ̀gá, a ti jèrè!"
Egidio kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀.
Ó ní, "Lọ́wọ́ ta ni?"

A tú ọ̀wọ́ kẹrin palẹ̀, èmi, òun, àti iná tọ́ọ̀ṣì.
Àpò lórí àpò, ọgọ́ta kílò, ẹ̀yìn ń ké.
Ó tó nǹkan bí aago méjì òru kí a tó rí i:
òǹtẹ̀ àwọn ará Mbale, ní Uganda, eruku ti bò ó,
láàárín àwọn àpò Brazil,
bí àlejò tó ṣìlé, tójú ń tì láti bèèrè ọ̀nà.

Egidio tẹ tẹ́lẹ́ẹ̀sì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tún kọjá.
Lẹ́tà tó padà wá kò ju ìlà mẹ́ta lọ.
Nandudu, akọ̀wé ìkẹ́rùsí ọ̀hún, ló fọwọ́ sí i:
wọ́n ti ń yọ owó àpò náà lára owó oṣù rẹ̀
láti ìgbà òjò.
Ìlà kẹta: Ẹ ṣeun tí ẹ kà á.

Mi ò rí i rí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ga, bóyá ó kúrú.
Ṣùgbọ́n nígbà tí oorun bá ń tàn mí
pé kí n kọ iye àná sílẹ̀ láìdìde lórí àga,
ọwọ́ kan ni mo máa ń rí, tó ń ka owó tí kò pé lórí tábìlì.
Ohun tó dín a máa pariwo ara rẹ̀;
èyí tó lé ni í jókòó jẹ́ẹ́.

Ó tó. Aago méje ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé ẹrù Vietnam.
Kọ́kọ́rọ́ rèé. Ìṣó kẹta ni mo máa ń gbé e kọ́.
Abọ́ tó wà lábẹ́ fèrèsé kejì, má gbé e kúrò,
òrùlé ń jò níbẹ̀, mo ti kọ̀wé títí.
Oúnjẹ ológbò wà nínú dúrọ́ọ̀.
Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ a máa há nígbà òtútù:
má fẹsẹ̀ ta á, èjìká ni kí o fi tì í,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń jí ẹni tó sùn.