Nọ́mbà Inú Eegun

Mànàmáná ló gba ojú wáyà wọlé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀,
kò kan ilẹ̀kùn, kò kí ẹnikẹ́ni.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àfúdà awọnlẹ̀ jókòó lẹ́yìn alùpùpù,
ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé itan bí ọmọ tí ibà mú,
ó dé ọ̀dọ̀ mi nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Sábẹ̀,
níbi tí ewúrẹ́ ti ń sùn sórí irin tí ọkọ̀ kò gbà mọ́.
"Bá mi wò ó. Ààlà oko igba ó lé mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀."

Mo tú u. Òórùn rẹ̀ jọ ẹ̀pà tó jóná sínú agbada.
Pátákó àárín, èyí tí gbogbo iṣan ń gbà kọjá,
ti dúdú nígun kan bí eyín tí kòkòrò jẹ.
Ọ̀kẹ́ méjì sẹ́fà ni mo fi ra òmíràn láti Kútọnu.
Mo so ó mọ́ ipò òkú, mo yọ́ òjé sí ẹsẹ̀ wáyà méjì.
Ẹ̀rọ mí. Àfúdà pàtẹ́wọ́.

Àmọ́ ètò àwòrán-ilẹ̀ wo ojú wa, ó ní:
Ẹ̀rọ yìí kọ́ ni mo bá dá májẹ̀mú.

Kọ́ kẹ̀?
Àpótí náà nìyí, pẹ̀lú igun tó sán
lọ́jọ́ tí ọmọ Àfúdà fi ṣe ìjókòó.
Bọ́tìnnì náà nìyí, tí ìka ti jẹ lẹ́tà A tán lójú rẹ̀.
Orúkọ olówó rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ó fi kálámù pupa kọ ọ́.
Ètò kò ka ìyẹn sí.
Kì í wo awọ; eegun ló ń tẹ̀ wò.
Nọ́mbà pátákó, nọ́mbà àwo ìpamọ́,
nọ́mbà ihò tí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọ̀,
tí wọ́n ti fín sí i kí ó tó gbọ́ orúkọ Sábẹ̀ rí:
ó kó wọn sórí ọlọ, ó lọ̀ wọ́n kúnná,
ohun tó kù lójú ọlọ ló ń pè lórúkọ.
Pààrọ̀ ata kan, orúkọ yí padà.
Ta ló sì lè ti inú ọbẹ̀ mú ata jáde ní odidi?

Mo rántí Ìyá Yábí, ìyá tó bí ìyá mi.
Ojú rẹ̀ ti fọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti Gàbọ́ọ̀nù dé
lẹ́yìn ọdún méjìlélógún,
tòun ti irùngbọ̀n, tòun ti ikùn, tòun ti ohùn àjèjì.
Wọ́n ní, "Bíàwú dé." Ó ní kó mú ọwọ́ wá.
Ó wá ìka ọmọńdinrín òsì, ó bá a ní wíwọ́.
Ó wá àpá ọkọ́ ní gìgísẹ̀, ó bá a.
Ó wá eyín tó máa ń ta yọ. Wọ́n ti yọ ọ́ lókè òkun.
Ó dákẹ́. À ń gbọ́ adìẹ tó ń tan ilẹ̀.
"Méjì nínú mẹ́ta," ó ní. "Ọmọ mi ni. Ẹ fún un lómi."

Èmi tí mò ń sọ èyí, lọ́jọ́ ìkànìyàn,
mo tẹ àtàńpàkò mọ́ dígí wọn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹrin.
Òjé gbígbóná ti jẹ ìlà ọwọ́ mi láti ogún ọdún.
Ọmọdébìnrin akọ̀wé wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò mí:
"Bàbá, ó ní ẹ ò ní ìka."
Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀.
Nígbà tí mo délé, mo wo ọwọ́ mi pẹ́.

Àfúdà pe àwọn tó ni ètò. Obìnrin kan dáhùn ní Faransé,
onísùúrù ni: kí ló pa á? Mànàmáná ni.
Ó ní kó ka lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó kà á,
ó ṣì í kà ní ìkejìlá, ó tún bẹ̀rẹ̀.
Ètò ṣí. Àwọn ààlà yọ, tẹ́ẹ́rẹ́, pupa:
oko kajú Ìdóhù, oko òwú tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń jà sí.

Ó san owó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.
"Èyí tó kú ńkọ́?"
Mo ní mo fẹ́ fi kọ́ ìṣó, kí n máa yọ nínú rẹ̀ lò.
Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi àtàńpàkò nu èéfín kúrò,
ó ń ka nọ́mbà náà sínú, jẹ́ẹ́jẹ́,
bí ẹni tí wọ́n pè pé kó wá dá òkú rẹ̀ mọ̀.